Kí ni Kúbà ṣe fún Amẹ́ríkà tí ìjà wọn kò fi tán?

Ìyá Táyé kọ̀wé sí mi láti Peckham, ní London. Ó ní:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ní ọdún 2023, èmi àti bàbá Táyé lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Kúbà. A wọ ọkọ̀ ojú omi láti Havana sọdá sí Regla, a bá àwọn ìyá àgbà kan tí wọ́n ń kọrin Yemọja, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ wa lẹ́nu wọn. Omi bọ́ lójú mi. Lọ́dún yìí àbúrò mi fẹ́ ṣègbéyàwó ní Houston. Pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì ni mo ní, ESTA, ìwé àṣẹ ìwọ̀lú láìgba físà, ni mo sì máa ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí mo bá ń lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n ní n kò lè gbà á mọ́ nítorí pé mo ti dé Kúbà. Obìnrin tí a dé sí ilé rẹ̀ ní Havana tún bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá bébà tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ìyá òun tó ní àtọ̀gbẹ. Mo fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí i, báńkì kọ̀. Kí ni àwọn ènìyàn yìí ṣe fún Amẹ́ríkà gan-an? Ṣebí Sófíẹ̀tì, ìjọba Kọ́múníìsì ti Rọ́ṣíà tó ń ti Kúbà lẹ́yìn, ti túká tipẹ́? Ta ló jẹ̀bi?"

Ìyá Táyé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ESTA kúrò lọ́nà, torí ọjọ́ ìgbéyàwó kò ní dúró dè wá. Ẹ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí sáà àkọ́kọ́ Ààrẹ Trump parí, ìjọba rẹ̀ dá orúkọ Kúbà padà sínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà ní wọ́n ń ti àwọn apániláyà lẹ́yìn. Òfin wọn sì ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti tẹ Kúbà láti ọjọ́ náà lọ, ìbáà ṣe pé etí òkun nìkan ló lọ jókòó sí, kò gbọdọ̀ lo ESTA mọ́. Wọn kò lé yín o. Físà àlejò ni ẹ óò gbà, bí àwa tí a mú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lọ́wọ́ ṣe máa ń gbà á tẹ́lẹ̀: ẹ óò kọ fọ́ọ̀mù, ẹ óò san owó, ẹ óò lọ jókòó níwájú òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, torí ọjọ́ tí wọ́n máa ń fúnni lè jìnnà. Bí wọ́n bá bi yín nípa Kúbà, ẹ sọ òótọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá purọ́ fún wọn lórí fọ́ọ̀mù ló ń ba ọ̀nà jẹ́ fún ara rẹ̀ títí ayé.

Ààrẹ Biden kéde ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 pé òun ti fẹ́ yọ Kúbà kúrò nínú ìwé náà. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, Trump padà sórí àlééfà, ó sì wọ́gi lé e lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́fà yìí sọ́kàn, a óò padà bá a.

Ó wá ku ìbéèrè ńlá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé Kọ́múníìsì ló dá ìjà yìí sílẹ̀. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, ọdún 1991 tí Sófíẹ̀tì túká ni ì bá ti parí. Ohun tí mo rí láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ìtàn agbègbè yẹn ni pé ìjà náà ju Fidel Castro, tó gba ìjọba Kúbà ní 1959, lọ lọ́jọ́ orí. Ìjà lórí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ sọ lórí ilẹ̀ Kúbà ni. Bí mo bá ti ń sọ ọ́ lọ, ibì kan ni kí ẹ máa wò: ta ni wọ́n pè síbi ìjókòó, ta ni wọn kò pè.

Máìlì 90 ni òkun tó wà láàrin Kúbà àti Key West ní Florida. Ó fi díẹ̀ gùn ju Èkó sí Ìbàdàn lọ. Ṣúgà ló sọ erékùṣù náà di ohun tí gbogbo ojú ń wò. Ṣúgà yìí kan náà ló gbé àwọn ènìyàn wa débẹ̀: nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́, tí ogun sì gba ilẹ̀ Yorùbá kan ní ìdajì àkọ́kọ́ sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n sì tà sí Kúbà ni wọ́n ń pè ní Lukumí, oko ìrèké ni wọ́n sì kó púpọ̀ nínú wọn sí. Ọdún 1886 ni Sípéènì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Nígbà náà, Amẹ́ríkà ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà Kúbà. Nítorí náà, àwọn tó gbin ìrèké náà tí wọ́n sì gé e, ara wa ni wọ́n. Orin wọn lẹ gbọ́ ní Regla.

Amẹ́ríkà kò fi ìfẹ́ tó ní sí ilẹ̀ náà pa mọ́. John Quincy Adams, nígbà tó jẹ́ Akọ̀wé Àgbà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan ní 1823 pé bí èso ápù tí ìjì já lórí igi kò ṣe ní ibòmíràn tí yóò já sí ju ilẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni Kúbà, bó bá já kúrò lọ́wọ́ Sípéènì, ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà ni yóò bọ́ sí. Ní 1848, Ààrẹ Polk fi mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ Sípéènì kó lè rà á. Sípéènì kọ̀.

Àwọn ará Kúbà fúnra wọn gbé ìbọn. Wọ́n jà fún ọdún mẹ́wàá láti 1868, wọ́n tún dìde ní 1895. José Martí tó kó ẹ̀mí ìjà náà jọ kú sójú ogun ní oṣù Karùn-ún 1895. Antonio Maceo, ọ̀gágun aláwọ̀ dúdú tí orúkọ rẹ̀ ń já àwọn ará Sípéènì láyà, kú ní ọdún kejì. Púpọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé wọn, ọmọ ẹrú àti ẹrú tó gbòmìnira ni wọ́n. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń ja ogun yìí kí Amẹ́ríkà tó wọ̀ ọ́ ní 1898, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun wọn kan, Maine, bú gbàmù ní èbúté Havana tí àwọn atukọ̀ tó lé ní 260 sì kú. Láàrin oṣù mélòó kan, Sípéènì ti túúbá. Nígbà tí wọ́n ń gba ìlú Santiago lọ́wọ́ Sípéènì, àwọn Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí Ọ̀gágun Calixto García àti àwọn ọmọ ogun Kúbà wọ ìlú. Nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé àdéhùn ní Paris lóṣù Kejìlá, Sípéènì jókòó, Amẹ́ríkà jókòó. Ará Kúbà kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀.

Mo máa ń dúró pẹ́ níbí yìí nígbà tí mo bá ń kọ́ni, torí ibẹ̀ ni egbò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà wá dúró sí erékùṣù náà. Ní 1901, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà kọ òfin kan tí wọ́n fi orúkọ Sẹ́nétọ̀ Platt pè. Òfin náà ní Amẹ́ríkà lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọmọ ogun wọ Kúbà nígbàkígbà tó bá rí i pé ó yẹ. Ó ní Kúbà kò gbọdọ̀ bá ilẹ̀ mìíràn dá májẹ̀mú tó lè bu òmìnira rẹ̀ kù, kò gbọdọ̀ jẹ gbèsè tó ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ta ilẹ̀ tàbí kó yá Amẹ́ríkà nílẹ̀ fún ọkọ̀ ogun ojú omi. Wọ́n ní kí Kúbà kọ gbogbo èyí sínú òfin ilẹ̀ tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ ogun kò ní kúrò. Nígbà tí àwọn aṣojú Kúbà dìbò, ẹni 16 gbà, ẹni 11 kọ̀. Ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 1902 ni wọ́n ta àsíá òmìnira sókè. Àbí òmìnira kí ni èyí, tí aládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́ ilé yín lọ́wọ́, tí ẹ̀yin fúnra yín sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ó lè wọlé nígbà tó bá wù ú? Ọmọ ogun wọn padà wá ní 1906, wọ́n sì dúró títí di 1909.

Láti inú òfin yẹn ni Guantánamo ti jáde. Wọ́n yá ilẹ̀ náà ní 1903, ó tó máìlì 45 níbùú-lóròó. Òfin Platt kú ní 1934, ṣùgbọ́n àdéhùn tuntun tí wọ́n ṣe lọ́dún náà sọ pé ilẹ̀ náà kò lè padà àfi bí àwọn méjèèjì bá jọ gbà tàbí bí Amẹ́ríkà bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Owó ilẹ̀ ọdún kan jẹ́ 4,085 dọ́là. Ẹ ka iye yẹn dáadáa. Yàrá kan ní Peckham gbówó lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdọọdún ni Amẹ́ríkà ń fi sọ̀wédowó ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ní 1959, ni ìjọba Castro gba owó rẹ̀, wọ́n sì ní àṣìṣe ni. Àwọn yòókù, inú àpótí tábìlì ni Castro ń jù wọ́n sí.

Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ló ni iná mànàmáná Kúbà, tẹlifóònù rẹ̀, àti apá ńlá nínú oko ìrèké rẹ̀. Ọ̀gágun Batista fi ìbọn gba ìjọba Kúbà ní oṣù Kẹta 1952, Amẹ́ríkà sì tì í lẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1959, Batista sá lọ. Fidel Castro àti àwọn onírùngbọ̀n rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè.

Ọdún 1960 ni ìjà náà bẹ́, oṣù kan sí èkejì. Òfin ilẹ̀ oko tí Castro ṣe ní 1959 gba oko ńláńlá lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Ó ní òun óò san owó gbà-má-bínú, ṣùgbọ́n ìwé ìyáwó ọlọ́dún 20 lòun óò fi san án, iye tí àwọn onílẹ̀ fúnra wọn kọ sínú ìwé owó orí lòun óò sì fi díwọ̀n rẹ̀. Àwọn onílẹ̀ náà ti ń kọ iye kékeré sínú ìwé owó orí láti ọjọ́ pípẹ́. Amẹ́ríkà ní owó gidi, kíákíá, ní iye tó péye ni àwọn ń fẹ́. Ní oṣù Kejì 1960, Kúbà bá Sófíẹ̀tì ṣe àdéhùn pé ṣúgà ni òun óò fi máa gba epo rọ̀bì. Nígbà tí epo náà dé, Texaco, Esso àti Shell kọ̀, wọn kò fọ̀ ọ́. Kúbà gba ilé ìfọpo wọn. Amẹ́ríkà gé ṣúgà tó ń rà lọ́wọ́ Kúbà kúrò. Kúbà gba ilé iṣẹ́ iná, tẹlifóònù, ilé ṣúgà, báńkì. Ní oṣù Kẹwàá, Amẹ́ríkà fòfin de títa ọjà fún Kúbà, àfi oúnjẹ àti òògùn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìn-ín-ní 1961, wọ́n ti ẹ́ḿbásì. Ààrẹ Kennedy wá sé òwò gbogbo pa pátápátá ní oṣù Kejì 1962.

Ìwé kan wà láti àárín ọdún 1960 yẹn tí n kò lè gbàgbé. Ní oṣù Kẹrin, Lester Mallory, òṣìṣẹ́ àgbà ní iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sí ọ̀gá rẹ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn ará Kúbà ló fẹ́ràn Castro, pé ọ̀nà kan ṣoṣo tó hàn láti ba ìfẹ́ náà jẹ́ ni kí ìyà jẹ wọ́n, kí owó àti ọjà wọ́n wọn, kí ebi lè mú wọn lé ìjọba wọn. Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló tẹ ìwé náà jáde lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ebi tó ń pa àwọn ará Havana kò sí nínú èrò àwọn tó sé òwò náà, ìwé yẹn wà níbẹ̀.

Ogun gidi náà wáyé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 1961, àwọn ará Kúbà bí 1,400 tí CIA, iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, kọ́ ní ogun gúnlẹ̀ sí Playa Girón ní etí òkun Kúbà. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti ṣẹ́gun wọn, wọ́n sì kó èyí tó lé ní 1,100 lẹ́rú ogun. Oúnjẹ àti òògùn tó tó mílíọ̀nù 53 dọ́là ni Amẹ́ríkà fi gbà wọ́n padà ní oṣù Kejìlá 1962. Ìgbìmọ̀ Sẹ́nétọ̀ Church sì rí i ní 1975 pé ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni CIA lọ́wọ́ nínú ètò láti pa Castro láàrin 1960 sí 1965.

Ìgbà yìí ni Castro ṣe ohun tí mo kà sí àṣìṣe rẹ̀ tó burú jù. Ẹni tí wọ́n fẹ́ sun jẹ kì í fi epo para, ṣùgbọ́n ó gbà kí Sófíẹ̀tì gbé àdó olóró átọ́míìkì wá sí erékùṣù rẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú aṣamí Amẹ́ríkà ya fọ́tò wọn ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 1962. Ní ọjọ́ 22, Kennedy sọ fún aráyé, ó sì fi ọkọ̀ ogun yí Kúbà ká. Ní ọjọ́ 27, wọ́n yìnbọn já ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà kan bọ́ lókè Kúbà, awakọ̀ rẹ̀ kú. Ní ọjọ́ kejì, Khrushchev, olórí Sófíẹ̀tì, gbà láti kó àdó rẹ̀ kúrò. Kennedy ṣèlérí pé òun kò ní kọlu Kúbà, ó sì tún gbà lábẹ́lẹ̀ pé òun óò kó tòun kúrò ní Tọ́kì. Castro ńkọ́? Orí rédíò ló ti gbọ́. Inú bí i gidigidi. Ọdún 64 ti kọjá láti Paris, síbẹ̀ àwọn alágbára méjì tún parí ọ̀rọ̀ Kúbà láìpe Kúbà.

Ẹ ó béèrè pé, ó dáa, ìyẹn náà ti lọ, Sófíẹ̀tì ti lọ, kí ló kù? Ìwé ló kù, Ìyá Táyé. Ìjà náà ti di ìwé òfin.

Nígbà tí Sófíẹ̀tì wó, ọrọ̀ ajé Kúbà dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn ènìyàn ń gun kẹ̀kẹ́ torí kò sí epo, wọ́n ń rù. Ìgbà yìí gan-an ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fún okùn náà mọ́ sí i. Òfin 1992 ní ọkọ̀ ojú omi tó bá já ẹrù sí Kúbà fún òwò kò gbọdọ̀ já ẹrù tàbí gba ẹrù ní Amẹ́ríkà títí ọjọ́ 180 yóò fi pé. Ọkọ̀ wo ni yóò yan Kúbà lórí Amẹ́ríkà? Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì 1996, ọmọ ogun òfuurufú Kúbà yìnbọn já ọkọ̀ òfuurufú kékeré méjì tí àwọn ará Kúbà ti Miami ń fò. Ẹni mẹ́rin kú. Ìwà ìkà ni, mo sì ka ẹ̀bi rẹ̀ sí Havana lọ́rùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Ààrẹ Clinton fi buwọ́ lu òfin Helms-Burton. Kí òfin yìí tó dé, Ààrẹ ló sé òwò, Ààrẹ lè ṣí i. Lẹ́yìn rẹ̀, kò ṣeé ṣí títí ìjọba mìíràn yóò fi wà ní Kúbà. Òfin náà tilẹ̀ dárúkọ Fidel Castro àti Raúl àbúrò rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ sí nínú ìjọba náà. Ó tún sọ pé ẹni tí wọ́n gba dúkìá rẹ̀ lè pe ẹnikẹ́ni tó bá ń lo dúkìá yẹn lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà. Gbogbo Ààrẹ ló dá apá ìkẹyìn yìí dúró, títí Trump fi tú u sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2019. Ẹ rí i pé nǹkan kan náà ni pẹ̀lú ti 1901: wọ́n jókòó ní Washington, wọ́n ń kọ irú ìjọba tí ó gbọ́dọ̀ wà ní Havana.

Gbèsè dúkìá náà kì í ṣe irọ́ o. Ìgbìmọ̀ kan ní Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀sùn wò, wọ́n fọwọ́ sí 5,913, iye rẹ̀ sì tó bílíọ̀nù 1.9 dọ́là láìka èlé. Èyí tó tóbi jù ni ti ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Kúbà. Rírà tí ilé iṣẹ́ kan ń ra èkejì mú ẹ̀tọ́ sí owó náà dé ọwọ́ Office Depot, àwọn tó ń ta bébà àti bírò. Ṣùgbọ́n Kúbà gba dúkìá àwọn ará Faransé, Switzerland, Kánádà, Sípéènì, àti ti Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń gbé lọ́dọ̀ wọn náà. Gbogbo wọn jókòó, wọ́n dúnàá-dúrà, wọ́n gba ohun tí wọ́n rí gbà, ọ̀rọ̀ tán.

Kí ló wá dé tí Amẹ́ríkà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Florida ni. Láti 1959 ni àwọn ará Kúbà ti ń sọdá. Àwọn àkọ́kọ́ jẹ́ olówó àti ọ̀mọ̀wé. Àwọn òbí kan fi ọmọ ṣáájú, ọmọ tó lé ní 14,000 ló dá lọ láìsí òbí láàrin 1960 sí 1962. Ní 1980, àwọn bí 125,000 gba èbúté Mariel jáde láàrin oṣù mélòó kan. Ìrora wọn kì í ṣe èyí tí mo lè fojú kéré: àwọn kan padà wálé lọ́jọ́ kan, wọ́n bá ìjọba nínú ilé wọn, àwọn kan, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n ń dìbò, wọn kò sì gbàgbé. Ní oṣù Kẹrin 2000, ìjọba Clinton fi ọlọ́pàá gba ọmọ kékeré kan, Elián González, lọ́wọ́ àwọn ìbátan rẹ̀ ní Miami kí wọ́n lè dá a padà fún bàbá rẹ̀ ní Kúbà. Ní oṣù Kọkànlá, ìbò 537 péré ni ẹgbẹ́ Clinton fi pàdánù Florida, tí wọ́n sì fi pàdánù ipò Ààrẹ. Kò sí olóṣèlú Amẹ́ríkà tó gbàgbé iye yẹn. Ọmọ àwọn tó ti Kúbà wá ni Marco Rubio tó di Akọ̀wé Àgbà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní 2025.

Ẹ má rò pé irú kan ṣoṣo ni wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn tó gba Mariel jáde jẹ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì gbé òrìṣà wọn dání. Ìlú Hialeah, lẹ́bàá Miami, ṣòfin pé wọn kò gbọdọ̀ fi ẹran rúbọ. Ìjọ Lukumí Babalú Ayé pe ìlú náà lẹ́jọ́, ó sì jà á dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹfà 1993, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dá wọn láre. Ẹ gbọ́: ẹ̀sìn tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé lọ sí Kúbà, tí àwọn tó kúrò ní Kúbà sì gbé dé Florida, ló bá gbogbo ẹlẹ́sìn Amẹ́ríkà gba ẹ̀tọ́ yìí. Nígbà kan náà ní Kúbà, ọdún 1991 ni ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí onígbàgbọ́ tàbí olórìṣà wọ ẹgbẹ́.

Ìgbà kan wà tí ó fẹ́ parí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 2014, Ààrẹ Obama àti Raúl Castro, tó ti gba ipò Fidel nígbà náà, sọ̀rọ̀ fún ìlú wọn ní wákàtí kan náà. Póòpù Francis àti Kánádà ti ń bá wọn là á lábẹ́lẹ̀. Ẹ́ḿbásì ṣí padà ní oṣù Keje 2015, Obama sì wọ Havana ní oṣù Kẹta 2016. Àwọn ènìyàn Havana kun ilé wọn, wọ́n ra bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń retí àlejò. Ilé tí ẹ̀yin dé sí lè wà lára wọn. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin kò fọwọ́ kan òfin 1996. Àṣẹ Ààrẹ nìkan ni Obama fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Trump wó púpọ̀ nínú rẹ̀ láti 2017, ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó dí yín lọ́nà yìí. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi ọjọ́ mẹ́fà Biden sọ́kàn.

Ẹ bi mí pé ta ló jẹ̀bi. Àwọn méjèèjì jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹ̀bi wọn kò dọ́gba, kì í sì í ṣe oríṣi kan náà. Ìjọba Kúbà ni, kì í ṣe Amẹ́ríkà, ló ti ìsọ̀ àti ilé oúnjẹ kéékèèké tó lé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún pa ní 1968. Òun ló kó ẹni 75 sẹ́wọ̀n ní 2003 torí pé wọ́n kọ̀wé tí wọ́n sì sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn jáde sígboro ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2021 nítorí ebi, àìsàn àti àìsí iná, òun ló fi ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ san án fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn. Ó ń kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì gogoro sí Havana nígbà tí ilé iṣẹ́ iná rẹ̀ ń jẹrà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá 2024, ilé iṣẹ́ iná Antonio Guiteras dákú, gbogbo orílẹ̀-èdè sì ṣókùnkùn. Àwa tí a mọ bí ó ti ń rí kí wọ́n mú iná, ti adúgbò wa la mọ̀. Ti erékùṣù odidi ni kí ẹ fojú inú wò.

Síbẹ̀, mo gbé ẹ̀bi tó wúwo jù sí ọ̀dọ̀ ẹni tó tóbi jù, torí òun ló lè dáwọ́ dúró láìpàdánù nǹkan kan. Ní 2024, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún dìbò lórí ìséwọ̀ òwò yìí, 187 ló ní kí wọ́n mú un kúrò, Gẹ̀ẹ́sì wà lára wọn. Amẹ́ríkà àti Ísírẹ́lì nìkan ló kọ̀. Ohun tí wọ́n sì ń fẹ́ láti 1960, pé kí ebi lé ìjọba, kò ṣẹlẹ̀. Àwọn ènìyàn ni ebi náà ń lé. Ìjọba Kúbà fúnra rẹ̀ ti gbà pé àwọn tó kù nílé kò tó mílíọ̀nù 10 mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń lọ. Àwọn ìyá àgbà tí ẹ gbọ́ orin lẹ́nu wọn ní Regla, ta ni wọn yóò kọ́ lórin náà?

Ti báńkì yín: ẹ má bínú sí ọmọ tó dá yín lóhùn níbẹ̀. Ní 2014, Amẹ́ríkà gba owó ìtanràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là lọ́wọ́ BNP Paribas ti Faransé, torí pé ó bá Sudan, Iran àti Kúbà ṣòwò owó. Láti ìgbà náà, báńkì tó bá rí "Havana" nínú ìwé ìfowóránṣẹ́, ẹ̀rù a bà á. Òfin Gẹ̀ẹ́sì kò sọ pé ó lòdì kí ẹ ran obìnrin náà lọ́wọ́. Òfin kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tó ní kí wọ́n má tẹ̀ lé Helms-Burton. Ìbẹ̀rù ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe òfin.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká gbà á lọ́nà mìíràn. Ẹ ní kó ya fọ́tò ẹ̀rọ tí ìyá rẹ̀ fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ránṣẹ́ sí yín, kí orúkọ àti nọ́ńbà ara rẹ̀ hàn kedere, torí bébà ẹ̀rọ kan kì í bá òmíràn mu. Kẹ́mísì yóò tà á fún yín láìbéèrè ìwé dókítà. Bí ẹ kò bá rí irú rẹ̀, ẹ ra ẹ̀rọ tuntun pẹ̀lú bébà tirẹ̀ púpọ̀. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú páálí, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí ẹ sì wá ẹni tó ń lọ sí Havana fún ìsinmi tó lè fi wọ́n sáàárín aṣọ rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n fi ń gbé nǹkan débẹ̀ báyìí.